Ẹni Tó Ń Ká Sòbìà Òkú

Mi ò ní í búra. Ẹni tó bá rìn tó mi lójú ọ̀nà kì í búra mọ́, torí ó ti bá àwọn abúra jẹun. Àwa mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ojú ọ̀sán ni. Ọtí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe kọ ọ́ yìí, mi ò bu iyọ̀ sí i.

Ìparí ọdún 1964 ni. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, ètè gbogbo ènìyàn ló ń là. Mo ti ṣe iṣẹ́ ojú irin rí, mo ti di ẹ̀pà sọ́kọ̀ ní Kándì, mo ti sun abẹ́ lọ́rì títí dé Gáyà. Nígbà tí mo dé Parakou, ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní kí n lò. Obìnrin kan tó ń ta owú àti bọ́tìnì ní ọjà Arzèkè ní kí n bá òun gbé àpótí òun délé. Mo gbé e. Ó fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná. Ó di ọdún kejì, mo ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Titirou. Mo ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Àbíkẹ́ lórúkọ rẹ̀. Ará Ìdàáṣà ni, opó ni, kì í pa Máàsì ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Ó ní iṣẹ́ kan tí kì í gba ohunkóhun lé lórí: ó ń ká sòbìà.

Ẹni tí sòbìà kò bá mú rí, kí ó dúpẹ́. Inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ lèèyàn ti ń mu ún. Yóò fi odindi ọdún kan rìn nínú ara láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà yóò yọ orí ní ẹsẹ̀, funfun, gígùn bí okùn. Kò ṣeé fà. Bí a bá fà á, yóò já, èyí tó kù yóò sá padà sínú ẹran, ẹsẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Kíká ni. Wọn á ká orí rẹ̀ mọ́ igi tín-ínrín, wọn á yí i díẹ̀, wọn á dì í mọ́ ẹsẹ̀, ó di ọ̀la. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àbíkẹ́ kì í yára. Yóò fi òrí pa ojú egbò náà, yóò máa sọ pé "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìlà mẹ́ta ló máa ń fín yí orí igi rẹ̀ ká, èyí tó wà láàárín á dagun. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ọwọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò parí rẹ̀.

"Bí o bá wá kú láàárín rẹ̀ ńkọ́?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Kí ẹ dúró dè mí," ló sọ. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọlásúnkànmí ló gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Kétu ni, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, ó ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ìtàn kí ilé ìṣẹ́ ìwádìí kan ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, létí òkun, tó gbà á. Mùsé la ń pè é, bí a ti ń pe gbogbo ẹni tó bá ń fi pẹ́ńsù sí àpò àyà. Ìbéèrè kan ló ń wá ìdáhùn sí láti ọdún mẹ́fà: láti ìgbà wo ni sòbìà ti ń bá àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí gbé? Ó ní àwọn ará Íjíbítì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láyé àtijọ́ pé kí wọ́n máa fi igi ká a. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn baba tiwa náà mọ̀ ọ́n. Ìwé ò sí nílẹ̀ yìí tí yóò sọ fún un. Egungun nìkan ló kù tó lè sọ ọ́.

"Kí ló kàn ẹ́ nínú ọjọ́ orí kòkòrò?" mo bi í.

"Bàbá Fákúnlé, bí a bá mọ ọ̀nà tó gbà wọlé, a ó mọ ọ̀nà tí a ó gbà lé e jáde."

Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Ìyẹn ni mo fi ń bá a gbẹ́ ilẹ̀. Òkìtì ibi tí àwọn ará àtijọ́ gbé rí ni, ó wà lẹ́yìn Titirou, ó tó ìrìn wákàtí kan, lẹ́bàá ọ̀gọ̀dọ̀ kan tó ti gbẹ. Èmi àti Yésúfù la jọ ń ṣe é. Ọmọ Dẹ́ńdì ni Yésúfù, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, òun ló sì ni kẹ̀kẹ́.

Ní ọdún tó ṣáájú, òùngbẹ gbẹ Mùsé níbẹ̀, ó mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ náà kí ó tó gbẹ. Òun tó mọ gbogbo ìtàn sòbìà tán. Nígbà tí oṣù Kejìlá máa fi wọlé, ọrùn-ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti lé roro, kòkòrò ti yọ orí.

"Mùsé ń wá sòbìà," Yésúfù ní, "sòbìà náà ń wá Mùsé. Wọ́n ti ríra."

Àbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó ti yọ tó ìbú ọwọ́ mẹ́ta nígbà tí Nóẹ̀lì, ọdún Kérésì, ku ọ̀la. Mùsé ni wọ́n yàn láti ka ẹ̀kọ́ mímọ́ ní Máàsì. Bàtà dúdú rẹ̀ kò lè wọ ẹsẹ̀ tó ní igi lára. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Ó fi eyín di aṣọ mú. Ó fà á.

Ó já.

"Ta ni yóò wo bàtà rẹ?" Àbíkẹ́ bi í nígbà tó débẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Ṣé Jésù tí wọ́n bí sí ibùjẹ ẹran ni?"

Mùsé fa aṣọ bo orí. Ibà ti dé. Kò lọ sí Máàsì kankan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ náà ti wú, ó ń dán bí ìgò. Dókítà wò ó, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sì sọ òótọ́ fún un: bí wíwú yẹn bá dé orúnkún, gígé ni. Kí ó padà wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Láti ọjọ́ náà, Àbíkẹ́ ń fi ìka wọ̀n ọ́n láràárọ̀, láti ibi tí wíwú dé títí kan orúnkún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìka mẹ́ta ló kù.

Ẹlòmíràn ì bá dùbúlẹ̀. Mùsé ní kí Yésúfù fi kẹ̀kẹ́ gbé òun lọ sí òkìtì. A tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àpótí. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí mo fi ń ha ilẹ̀ kan egungun.

Ọkùnrin ni. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa, ó dojú sókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ibi tí ikùn rẹ̀ ti wà rí. Mùsé rá wá sí etí kòtò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó dé ojúgun òsì. Ó dúró.

Okùn funfun kan nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ojúgun náà, láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ọrùn-ẹsẹ̀. Ó fi ìka kàn án. Díẹ̀ kán lára rẹ̀, tó bí èékánná.

"Ẹfun ni," ó ní. "Sòbìà tí kò bá rí ọ̀nà jáde, ẹfun ló ń dà nínú ara." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Bàbá, òun nìyí. Òun nìyí."

"Ọdún mélòó?"

"Bí mo bá fi ti ìkòkò tó wà lókè rẹ̀ wò ó, ẹgbẹ̀rún ọdún. Bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Níbi ọrùn-ẹsẹ̀, okùn ẹfun náà jáde, ó ká mọ́ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Egungun ẹyẹ ni, tín-ínrín, wọ́n ti fá a dán. Ìlà mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Èyí àárín dagun.

Mo rí i. Àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn kì í kọ́kọ́ sọ.

Àbíkẹ́ gbé oúnjẹ wá lọ́sàn-án. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú kòtò.

"Ta ló mú igi mi wá síbí?"

"Egungun ni, Màmá," Mùsé ní. "Wọ́n sin ín mọ́ ọn ni."

"Mo rí i pé egungun ni. Mo ní ta ló mú un wá."

Àbíkẹ́ jókòó sórí ilẹ̀, òun tí kì í jókòó sórí ilẹ̀.

"Ìyá mi ló kọ́ mi ní ìlà yẹn," ó ní. "Ìyá tirẹ̀ ló kọ́ ọ."

"Ta ló kọ́ ìyẹn?" mo bi í.

Ojú rẹ̀ ò kúrò nínú kòtò. "Wọn ò parí iṣẹ́ ọkùnrin yìí," ó ní. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí egungun náà bí ó ti ń sọ sí gbogbo aláìsàn rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́ o. O mà ti dúró pẹ́."

Kí a tó lọ, a fi ẹní bò ó, a fi òkúta tẹ etí ẹní náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òkúta wà níbi tí a fi wọ́n sí. A ká ẹní náà. Ẹfun tó wà lára egungun ẹyẹ ti di yípo márùn-ún.

Gbogbo wa wo Yésúfù.

"Ẹ má wò mí," ó ní. "Ìyàwó méjì ni mo ní. Kí ni mo wá fẹ́ bá òkú ṣe?"

"Kò sẹ́ni tó lè ká a," Mùsé ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ rí i bó ṣe kán sí mi lọ́wọ́ lánàá. Ẹfun kì í ká. Kíkán ló ń kán."

Síbẹ̀ ó ti ká. Èyí tó wà lójúgun sì ti kúrú.

Àbíkẹ́ ti bá wa wá láti àárọ̀, kò lọ sọ́jà. Ó tú aṣọ ẹsẹ̀ Mùsé kí ó lè fi òrí pa á. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo lọ wò ó. Orí kòkòrò tó ti já, tó ti sá wọlé láti ọjọ́ márùn-ún, ti yọ padà. Ó funfun, ó tutù, odidi ni. Àbíkẹ́ mú igi tuntun, ó fi orí rẹ̀ sí i, ó dì í. Kò yí i.

"Ẹ ká a, Màmá," Mùsé bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin lẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"O já èyí tí mo bẹ̀rẹ̀. Eléyìí, ọwọ́ mìíràn ti wà lórí rẹ̀."

Oòrùn dé àárín orí. Àwọn àdàbà tó ń ké láti àárọ̀ dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dúró. Aṣọ tí Yésúfù sá sórí ẹ̀gún kò mì mọ́. Mo ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ aṣálẹ̀ rí, ìyẹn ṣófo. Eléyìí kò ṣófo.

Nígbà náà ni a gbọ́ ọ nínú kòtò. Bí èékánná tó ń ha igbá. Díẹ̀. Ó sinmi. Díẹ̀ sí i.

Igi tó wà ní ọrùn-ẹsẹ̀ Mùsé yí. Kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀. Ó yí ìlàjì, ó dúró, ó yí ìlàjì tó kù. Òórùn òrí gbígbóná gba ibẹ̀ kan. Òrí tiwa wà nínú igbá, ó dì bí òkúta.

Yésúfù ti wà lẹ́yìn igi. Èmi dúró, torí ẹsẹ̀ mi kọ̀.

"Kò dùn mí," Mùsé sọ, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. Ó gbọ́ ara rẹ̀ díẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ tutù."

"Ọwọ́ ta ni?" mo bi í.

Àwọn àdàbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Àbíkẹ́ wọn ẹsẹ̀ náà. Ìka mẹ́rin.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni lẹ́tà dé láti ilé ìṣẹ́ ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wá láti òkè òkun yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kùtọ́nù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohun yòówù tí Ọlásúnkànmí bá ní, kí ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ọjọ́bọ̀. Bí kò bá sí nǹkan, wọn yóò pa òkìtì náà tì, kí ó padà sí ilé ìwé.

Ó ka lẹ́tà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́rú, ó ní kí a gbé àpótí wá.

"Mùsé, ẹsẹ̀ rẹ," mo ní.

"Ọdún mẹ́fà, Bàbá. Wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ẹ gbé e."

Mo wọ inú kòtò. Yésúfù wọ̀ ọ́ lápá kejì, ó ń gbàdúrà lábẹ́nu. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ egungun ojúgun òsì, mo gbé e sókè tó ìka kan.

Mùsé lọgun. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin, mo sì ti wà níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti gé èèyàn. Kòkòrò tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le tantan bí ọṣán ọrun, igi tí a dì mọ́ ọn ń gbọ̀n.

"Gbé e sílẹ̀," Àbíkẹ́ ní. "Jẹ́jẹ́. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀. Kòkòrò náà rọ̀.

Òógùn ń ṣàn lójú Mùsé nínú ọyẹ́. Àbíkẹ́ fi ìdí aṣọ rẹ̀ nù ún.

"Àpótí rẹ tàbí ẹsẹ̀ rẹ," ó ní. "Mi ò ní bá ọ yàn. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé ọkùnrin yẹn kúrò níbi tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, mi ò mọ ibi tí yóò ti tún wá ẹ rí."

Mùsé wo àpótí náà. Ó ti fi ọ̀dà kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí i lára, lẹ́tà gbàgàdà gbàgàdà, bí ọmọ tí wọ́n ra sílétì tuntun fún.

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ," ó ní.

A jókòó. Ọ̀sán ṣe bí ó ti ṣe lánàá. Igi náà yí, ó sinmi, ó yí. Àbíkẹ́ di Mùsé lọ́wọ́ mú jálẹ̀. Nígbà tó parí, ìka mẹ́fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn ọdún, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀nà jíjìn. Mùsé fi fìlà bo ojú títí tí a kò gbọ́ ọ mọ́. Mo bu kafé gbígbóná fún un. Ó mu ún tán.

Lọ́sàn-án, igi náà yí fún ìgbà pípẹ́. Kò sinmi mọ́. Nínú kòtò, èékánná ń ha igbá, ó ń ha á. Àbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," mi ò sì mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún nínú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà kòkòrò náà tán. Ìrù rẹ̀ jáde, igi pẹ̀lú rẹ̀ bọ́ sórí aṣọ.

Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Mo wo Mùsé. Ó di èémí rẹ̀ mú. Mo wo Àbíkẹ́, mo wo Yésúfù. Kì í ṣe wọ́n. Kì í ṣe èmi náà.

A yọjú wo kòtò. Ojúgun ọkùnrin náà mọ́ láìsí nǹkan lára rẹ̀. Gbogbo ẹfun náà ti ká mọ́ egungun ẹyẹ, yípo lé yípo, kò kán níbì kankan. Àbíkẹ́ ní kí a fi ẹní bò ó, kí a jẹ́ kí ó sùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a rí egungun kókósẹ̀ Mùsé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Nóẹ̀lì.

Ọjọ́ kìíní ọdún, lẹ́yìn Máàsì, Mùsé ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun rìn débẹ̀. Ó rọra rìn, ó di èjìká mi mú. Àbíkẹ́ wà níwájú, Yésúfù ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wa bóyá yóò rẹ̀ ẹ́.

Òkúta mẹ́rin wà lórí ẹní. Mùsé fúnra rẹ̀ ló ká a.

Kòtò ṣófo. Kò sí egungun ọkùnrin náà, kò sí egungun ẹyẹ, kò sí ẹfun. Ilẹ̀ ibi tó sùn sí ṣì ní àmì ẹ̀yìn rẹ̀.

Yésúfù ló rí ojú ẹsẹ̀ nílẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀ àyàfi ojú ẹsẹ̀ náà. Ẹni méjì ni, láìwọ bàtà. Ti ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ láti etí kòtò. Ti obìnrin, ó kéré, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Àbíkẹ́ máa ń jókòó sí, kò sì sí ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

A tẹ̀lé wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, ti obìnrin sì wà lẹ́bàá rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, bí ẹni tó ń gba ìwúwo rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí a kọjá ọ̀gọ̀dọ̀, ẹsẹ̀ òsì kò wọ́ mọ́. Nígbà tí a dé ibi igi ẹ̀gún, ó ń gbé ẹsẹ̀ gígùn, ti obìnrin ń sáré díẹ̀ kí ó lè bá a. Lẹ́yìn náà a dé orí ilẹ̀ òkúta pupa tí kì í gba àmì. Ibẹ̀ ni wọ́n parí sí.

Mùsé yọ ìwé àti pẹ́ńsù láti àpò àyà rẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà," ó ní. "Mi ò ní egungun, mi ò ní ẹfun. Màmá, kí ni mo fẹ́ kọ sí wọn?"

Àbíkẹ́ fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá," ó ní. "Ó ti lọ sílé."

Mùsé wò ó. Ó tẹ ìwé náà mọ́ itan, ó kọ ọ́.